Windows 11 wọlé, ohùn kò wọlé mọ́: bí ẹ ó ṣe tún ìgbohùnsílẹ̀ kọ̀ǹpútà yín ṣe

Ní àárọ̀ Sátidé kan, màmá kan tó ń ṣe alága ìjókòó wá sí yàrá tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ nítòsí Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Ìpolówó oníṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fẹ́ kà, èyí tí wọn yóò gbé lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n jókòó, wọ́n tún gèlè wọn ṣe bí ẹni pé máìkì lójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara wọn. Ohùn wọn ń dún dé ìta. Ṣùgbọ́n ìlà tó yẹ kó máa fò sókè sódò lójú Audacity, áàpù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, nà gbalaja bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò mira rárá. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo gbé láptọ́ọ̀pù mi kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí 11, mi ò sì dán máìkì wò kí n tó lọ sùn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Ọmọ mi, mo ní ẹbí ọkọ tí mo fẹ́ dá dúró lẹ́nu ọ̀nà láago mọ́kànlá o.”

Ìṣẹ́jú márùn-ún di wákàtí kan àbọ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Èmi ni mo sọ ọ́ di líle. Mo yọ driver (sọ́fítíwia kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀rọ ohùn lò), mo pààrọ̀ wáyà, mo tún Audacity gbé sórí ẹ̀rọ, mo yí sẹ́tíǹgì bíi mẹ́fà láìkọ ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí ohùn padà wọlé, mi ò kọ́kọ́ mọ èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ṣe é. Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹyìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn tó ń gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi ti pọ̀ sí i: àwọn tó ń gba ìwàásù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ àṣekágbá, àwọn tó ń ka ìkéde òkú. Ọ̀nà kan náà ni mo ń gbà fún gbogbo wọn báyìí.

Ẹ tọ ohùn lẹ́yìn

Ohùn kì í ṣàdédé dé inú fáìlì. Ó kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sínú máìkì, ó gba wáyà lọ sí ihò tí ẹ fi wáyà náà sí, driver gbà á níbẹ̀, Windows gbà á lọ́wọ́ driver, kó tó wá fi lé áàpù lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá gbéra ní Àkúrẹ́ tó ń lọ Ìbàdàn tí kò dé, a óò béèrè ní Ọ̀wẹ́nà, a óò béèrè ní Ìlẹ́ṣà, a óò béèrè ní Ifẹ̀, kí a tó sọ pé ó sọnù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dán an wò. Bí kò bá yanjú, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó sún síwájú. Kí ẹ sì máa fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Fọ́tò yẹn ni yóò gbà yín bí ẹ bá ṣìnà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ tẹ Restart. Restart ni mo wí, mi ò wí Shut down. Windows ní ọgbọ́n kan tó ń jẹ́ Fast Startup: bí ẹ bá tẹ Shut down, ó máa ń tọ́jú apá kan nínú ara rẹ̀ sínú disk kó lè yára tan lọ́jọ́ kejì. Driver tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ lánàá lè bá a jí bó ṣe wà. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀ pátá tó sì ń tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra máìkì tuntun tí Restart nìkan gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo máìkì fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ gba ohùn díẹ̀ sílẹ̀. Windows lè gba ẹ̀bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Máìkì kékeré tí a ń há mọ́ ọrùn aṣọ, irú BOYA BY-M1 tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníròyìn wa, ní bátìrì LR44 nínú, bíńtín bí ẹ̀wà. Bọ́tìnì orí rẹ̀ ní ojú méjì, ti fóònù àti ti kámẹ́rà. Bó bá wà ní ojú kámẹ́rà tí bátìrì sì ti kú, ẹ ó máa bú Microsoft lásán.

Ẹnu wáyà náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù báyìí ní ihò kan ṣoṣo tí ẹ́yápíìsì àti máìkì jọ ń lò. Ẹnu wáyà tó bá ihò yẹn mu ní òrùka dúdú mẹ́ta. Olórùka méjì kò ní gbé ohùn yín wọlé níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù mìíràn tún ní bọ́tìnì tó ń pa máìkì, pẹ̀lú iná kékeré lórí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, F4 ni. Ẹ wò ó bóyá iná náà ń tàn.

Àṣẹ ìwọlé: ibi tí ohùn màmá há sí

Èyí ni mo bá pàdé jù, òun náà ló fi wákàtí kan àbọ̀ mi ṣòfò. Windows 11 kì í jẹ́ kí áàpù kankan gbọ́ ohùn láìgbàṣẹ, bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ gòkè, àṣẹ tí ẹ ti fún wọn tẹ́lẹ̀ lè ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ ṣí Settings, ẹ bọ́ sí Privacy & security, ẹ wá wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí Microphone. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ má fi ìkankan pè méjì. Àkọ́kọ́ ni Microphone access. Bí èyí bá wà ní pípa, kò sí ẹni tó máa gbọ́ nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà náà. Èkejì ni Let apps access your microphone, èyí tó wà fún áàpù tó bá wá láti Microsoft Store, pẹ̀lú Sound Recorder tó bá Windows wá. Ẹ lè tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tàbí kí ẹ pa á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: Let desktop apps access your microphone. Audacity, Reaper, OBS, Zoom tí ẹ fúnra yín gbé sórí ẹ̀rọ, abẹ́ ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo wọn wà. Mo ti tan méjì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ màmá, mo sì rò pé mo ti ṣe tán.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ̀kẹta, ẹ ti Audacity pa, ẹ tún un ṣí, ẹ gba ohùn díẹ̀, kí ẹ padà sí ojú ewé yẹn. Ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àkókò tó lo máìkì kẹ́yìn. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì dé ọ̀dọ̀ máìkì rárá. Bí Audacity bá ń gbé àṣìṣe jáde pé òun kò lè ṣí ẹ̀rọ ìgbohùn, pẹ̀lú nọ́ńbà -9999, ilẹ̀kùn ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Áàpù tó ń lé fáírọ́ọ̀sì náà lè dí máìkì lọ́wọ́ tiẹ̀, nítorí náà ẹ wo inú rẹ̀ bí ẹ bá ní ọ̀kan.

Máìkì wo ni Windows ń gbọ́?

Ẹ padà sí Settings, ẹ bọ́ sí System, lẹ́yìn náà Sound. Ní apá Input, ẹ ó rí gbogbo ohun tí Windows kà sí máìkì: ti inú láptọ́ọ̀pù, ti kámẹ́rà, ti ẹ́yápíìsì Bluetooth, àti èyí tí ẹ fi owó yín rà. Lẹ́yìn ìgbéga, ó lè yan èyí tó wù ú. Ẹnìkan tó ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé gbé máìkì USB tó dáa síwájú, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń fi máìkì inú láptọ́ọ̀pù gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kan yàrá. Ó rò pé Windows 11 ló ba ohùn òun jẹ́. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ kí ojú ewé rẹ̀ ṣí, ẹ tẹ Start test, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tẹ Stop test. Windows yóò sọ iye nínú ọgọ́rùn-ún tí ohùn yín dé. Bí ìlà ohùn bá ń jó níbí tí kò jó nínú áàpù, inú áàpù ni wàhálà wà. Bí kò bá jó níbí, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ Audacity. Ẹ̀yìn ni wàhálà ṣì wà.

Ìmọ̀ràn mi lórí Bluetooth kò pọ̀: ẹ má fi gba ohùn sílẹ̀. Bí máìkì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ohùn a máa rí bíi ti fóònù àtijọ́, èyí tí ẹ ń gbọ́ létí náà a sì ṣá. Ẹ lo wáyà.

Ojú ewé àtijọ́ tó ṣì wúlò jù

Ní ìsàlẹ̀ Sound, ẹ ó rí More sound settings. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kékeré kan tó ti wà láti ayé Windows 7 yóò ṣí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ di bọ́tìnì Windows mú pẹ̀lú R, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ tẹ Enter. Ẹ bọ́ sí Recording. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ àárín ibi tó ṣófo, kí ẹ sì yan Show Disabled Devices. Ohun tí Windows ti pa lẹ́nu mọ́ nígbà ìgbéga yóò farahàn ní àwọ̀ ṣíṣá. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ máìkì yín, Enable. Lẹ́yìn náà, Set as Default Device.

Ẹ tẹ máìkì náà lẹ́ẹ̀mejì kí Properties rẹ̀ ṣí. Ní Levels, ẹ wo bóyá ó ti bọ́ sí òdo. Mo máa ń fi sí 80 sí 90 fún máìkì inú ihò lásán. Microphone Boost tó wà lábẹ́ rẹ̀ dà bí ata nínú ọbẹ̀: díẹ̀ dáa, púpọ̀ a máa jó ni lẹ́nu. +10 dB tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní +30 dB, ẹ ó gbọ́ afẹ́fẹ́, ẹ ó gbọ́ fáànù, ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kẹta. Máìkì USB kì í sábà ní Boost, kò sí láburú nínú ìyẹn.

Ní Advanced, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Default Format, iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbéga lè yí i kúrò ní 44100 Hz bọ́ sí 48000 Hz tàbí kó yí i padà. Èkejì ni àpótí tó fún áàpù kan láyè láti gba máìkì fún ara rẹ̀ nìkan, Allow applications to take exclusive control. Bí Zoom tàbí aṣàwákiri bá ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn, ó lè di máìkì mú kí Audacity má rí i lò. Ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí yẹn, ẹ dán an wò.

Nítorí ìwọ̀n yẹn, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Bí ohùn yín bá ń yára, tó sì tínrín bíi ti ọmọ kékeré, tàbí tó ń wọ́ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, kì í ṣe máìkì ló bàjẹ́. Ohun tí a gbà ní 44100 tí ẹ̀rọ wá ń gbé jáde bí ẹni pé 48000 ni yóò fi bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún yára jù. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ibi mẹ́ta bára mu: ti máìkì, ti sípíkà ní Playback, ti áàpù. 48000 ni èmi ń lò ní gbogbo ibi. Ẹ yan tiyín, kí ẹ má kàn pa méjì pọ̀. Bí Audacity bá kígbe nọ́ńbà -9997, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí náà ni.

Bí ohùn yín bá ń wọlé ṣùgbọ́n tó ń gé ní ìparí ọ̀rọ̀, tàbí tó dà bí ẹni tó wà nínú ìkòkò, ẹ padà sí Settings, Sound, ẹ tẹ orúkọ máìkì, ẹ wá Audio enhancements, ẹ pa á sí Off. Ẹ̀rọ tuntun ń gbìyànjú láti nu ariwo nù fún yín. Ó dáa fún ìpè fídíò. Fún oríkì, ewì àti ìlù, ìbàjẹ́ ni: ó máa ń ka àmì ohùn tó ń fà lọ sílẹ̀ sí ariwo, á sì gbé e mì. Ẹni tó ń sọ Yorùbá mọ̀ pé bí òpin ọ̀rọ̀ bá ti lọ, ìtumọ̀ náà lè bá a lọ.

Driver

Bí gbogbo èyí kò bá yanjú rẹ̀, ọ̀dọ̀ driver ló kù. Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Sound, video and game controllers. Àmì òfeefee tó ní ìyanu lórí túmọ̀ sí pé nǹkan ti dàrú. Bí ẹ bá rí High Definition Audio Device níbi tí orúkọ Realtek tàbí Conexant, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ohùn inú láptọ́ọ̀pù, ti wà tẹ́lẹ̀, Windows ti fi driver tó kárí ayé rọ́pò èyí tí oníṣẹ́ láptọ́ọ̀pù yín ṣe. Nígbà mìíràn ó ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn sípíkà á máa dún, máìkì á sì yadi.

Ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bọ́ sí Driver. Bí Roll Back Driver kò bá ṣá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Bó bá ṣá, kò sí ti àtijọ́ tó lè padà sí. Ẹ wá lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates, kí ẹ wò bóyá driver ohùn ń dúró dè yín níbẹ̀. Kò ná mi ju dátà díẹ̀ lọ, nítorí náà mo máa ń wò ó kí n tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó dáa jù ni ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ lọ sí ojú òpó HP, Dell tàbí Lenovo gan-an, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà ní ìdí láptọ́ọ̀pù. Dell ń pe tirẹ̀ ní Service Tag. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tí a ń lò níbí jẹ́ tòkunbọ̀, wọ́n lè má ní driver tí wọ́n kọ Windows 11 sí lára. Ti Windows 10 sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí 11. Ẹ gbà á. Áàpù tó ń ṣèlérí pé òun yóò wá gbogbo driver fún yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i. Ó ń kó ìpolówó àti ìdọ̀tí wọlé.

Ọ̀nà òdìkejì tún wà, ó sì ti gbà mí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì: bí Realtek gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ tẹ Update driver, Browse my computer for drivers, Let me pick from a list, ẹ wá yan High Definition Audio Device.

Nínú áàpù

Audacity máa ń rántí máìkì àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà. Ẹ tẹ Audio Setup lókè, ẹ yan Rescan Audio Devices, ẹ wá yan máìkì lẹ́ẹ̀kan sí i lábẹ́ Recording Device. Ní Host, ọ̀nà tí Audacity ń gbà gba ohùn lọ́wọ́ Windows, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MME. Bó bá ń ṣe ségesège, ẹ dán WASAPI wò. Ẹ tún yan 1 fún ìgbohùn, Mono. Bí ohùn bá wà ní etí òsì nìkan, àìyan Mono ló sábà máa ń fà á.

Bó bá jẹ́ ohùn tó ń jáde látinú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, bóyá ẹ ti ń lo Stereo Mix tẹ́lẹ̀ tí kò sí mọ́, ẹ yan WASAPI, kí ẹ yan orúkọ sípíkà yín tó ní loopback lára. Kò nílò Stereo Mix rárá.

Ohùn tó ń já, ohùn tó ń hó

Máìkì USB tàbí sound card tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wá kú lójijì, ó lè jẹ́ Windows ló ń pa ihò náà láti fi tọ́jú bátìrì. Ní Device Manager, ẹ ṣí Universal Serial Bus controllers, ẹ tẹ USB Root Hub kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ sí Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níbi tí wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa á. Ẹ má sì fi í sínú hub olórí mẹ́rin. Ara láptọ́ọ̀pù tààrà ni.

Bó bá ń ta páráparà, tó dà bí ẹni ń já àgbàdo, ẹ ṣí Task Manager. Ní ọjọ́ bíi méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéga, Windows á máa to fáìlì rẹ̀, á sì máa gba àtúnṣe lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kó parí, tàbí kí ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn.

Híhó tó ń dún mùùù láìdáwọ́ dúró kì í sábà wá látọwọ́ Windows. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bí mùùù náà bá lọ, iná ni. Èmi máa ń gba ohùn lórí bátìrì, bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pàápàá.

Bí ẹ bá fẹ́ padà

Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbéga, Settings, System, Recovery ní bọ́tìnì Go back tó ń dá yín padà sí Windows 10 láìpa fáìlì yín rẹ́. Áàpù àti driver tí ẹ gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ìgbéga yóò lọ. Fódà Windows.old, níbi tí Windows 10 yín àtijọ́ wà, ló ń lò. Nítorí náà bí disk bá ti kún, ẹ wá ibòmíràn gé, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, bọ́tìnì náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dé rédíò lọ́sẹ̀ yẹn lè padà, kó parí iṣẹ́ rẹ̀, kó tó tún gòkè nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá ka ìpolówó wọn ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Nígbà tí wọ́n tún wá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọn kò jókòó. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ìlà hàn wọ́n, kó mira.